Denver Stidham, Ẹni tí Ìjọba Àpapọ̀ Ní Kó Sinmi, tí Ìpínlẹ̀ Ní Kó Padà Sẹ́nu Iṣẹ́

A bí Denver Ray Stidham ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1975, ní àfonífojì Laurel, níbi tí òkè há mọ́ ilé débi pé oòrùn kì í dé ojú fèrèsé kí agogo mẹ́wàá tó lù. Bàbá rẹ̀, Olóògbé Burl Stidham, wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ títí ó fi darúgbó. Ìyá rẹ̀, Màmá Opal, tí ẹ rí ní ìlà iwájú yìí, ló ń dáná fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ìdílé Stidham kì í ráhùn. Burl wúkọ́ dúdú fún ọdún mẹ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ "Ara le" ló ń dá gbogbo ẹni tó kí i lóhùn. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi tọ́ Denver nìyẹn, àwa ẹbí ò sì ní fi pamọ́ fún yín pé ó wà lára ohun tó pa á.

Ó parí ilé ẹ̀kọ́ girama ní 1993. Ní 1996, ìpínlẹ̀ gbà á síṣẹ́ ojú ọ̀nà. Ó fẹ́ Velda Crouse ní oṣù kejì ọdún 1998, lọ́jọ́ tí yìnyín dí gbogbo ọ̀nà pa, tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ akóyìnyín ló fi gbé ìyàwó lọ sílé. Díákónì ni ní ìjọ Baptist wa, ohùn ìsàlẹ̀ ló sì ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Kò sí opó kan ní àfonífojì yìí tí Denver kò kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láìjẹ́ pé ó bẹ̀ ẹ́.

Ó tún jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọmọ ogun tí gómìnà ń pàṣẹ fún, àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ogun ní òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù. Ní 2004, ìjọba àpapọ̀ kó wọn lọ sójú ogun ní Iraq. Oṣù mọ́kànlá ló fi ṣọ́ kòtò ńlá kan tí wọ́n ti ń dáná sun táyà, ike, oògùn àti ìgbẹ́ ènìyàn tọ̀sán tòru. Nígbà tí wọ́n dé, ìpínlẹ̀ fi fèrè àti àsíá pàdé wọn. Láti ìgbà náà ni èémí rẹ̀ ti ń kúrú. Nígbà tó yá, ìjókòó ẹ̀yìn ló ń jókòó sí nílé ìjọsìn, ètè rẹ̀ ń mì, ohùn ò jáde.

Ní 2021, lẹ́yìn àyẹ̀wò ọdún méjì, ìjọba àpapọ̀ kọ̀wé pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́ pátápátá, kò sì ní sàn mọ́. Velda sunkún, ó tún dúpẹ́, nítorí ó rò pé ọkọ òun yóò sinmi. Àmọ́ òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ ni Denver. Ọ́fíìsì ìfẹ̀yìntì wọn ní àwọn ò gba ìwé ìjọba àpapọ̀ tó wá láti Washington, àfi kí dókítà tiwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìgba ìwé tiwọn, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rẹ̀ lójú ọ̀nà yóò já sí asán, Velda ò sì ní rí nǹkan kan bó bá kú.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, Denver fá irùngbọ̀n, ó kun bàtà títí ó fi dán, ó wọ kóòtù tó fi sin bàbá rẹ̀. Sìlíńdà afẹ́fẹ́ tó ti wá fi ń mí, inú ọkọ̀ ló fẹ́ fi í sílẹ̀ sí.

"Denver, gbé nǹkan yìí dání, jàre."

"Velda, mi ò lè wọlé tọ dókítà bí alágbe."

Dókítà bi í pé, "Báwo lara, Ọ̀gbẹ́ni Stidham?"

"Dáadáa ni, sà. Mi ò lè ráhùn."

Nígbà tó jáde, ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú kó tó lè mí. Velda ní, "Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní dáadáa ni."

"Denver! Ta ló rán ẹ níṣẹ́ irọ́?"

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Dókítà kọ ọ́ pé ọkùnrin náà mọ́ tónítóní, ó dá rìn wọlé, ó lè ṣiṣẹ́. Velda gbé ìwé ìjọba àpapọ̀ lọ bá wọn. Akọ̀wé kan dá a padà sí i lọ́wọ́: "Ti Washington ni ti Washington, màdáámú." Denver àti Velda pẹjọ́, wọ́n sì dá ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ fún wọn: ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kìíní ọdún 2024, yìnyín bo òkè, wọ́n ní kí Denver lọ kó o. Jarvis Mullins, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló rí ọkọ̀ rẹ̀. Denver ti yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó ti gbé abẹ irin iwájú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó yìnyín sókè, ó sì ti tan iná tó ń ṣẹ́jú kí ẹnikẹ́ni má baà kọ lù ú. Ó ti kú. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni.

Ó fi ìyá sáyé lọ, ohun tó dùn wá jù lọ nìyẹn. Ó fi Velda sílẹ̀, àti àwọn ọmọ rẹ̀, Kendra àti Tucker, àti àwọn ọmọ-ọmọ, Josie àti Wade. Velda ní òun yóò lọ sí ìgbẹ́jọ́ náà, kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ òun ṣàìsàn lóòótọ́. Aṣọ ilé lòun yóò sì wọ̀ lọ, òun ò ní kun bàtà.

Sùn re o, Denver. Kí Olúwa tẹ́ ibùsùn tó rọ̀ fún ọ. Ìsinmi tí a bá ọ tọrọ kọ́ nìyí.