Bàbá, Ẹ Bọ́ Páìpù Yẹn Kúrò Lára Hándù Alùpùpù Yín

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Màmá, ẹ kú ilé, ẹ kú àmójútó. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Dáyọ̀ àti ìyàwó wọn. Mo kí Màmá Àgbà, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kan oúnjẹ àárọ̀ láìgbàdúrà.

Òtútù Leeds níbí kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, síbẹ̀ ọwọ́ a máa ro mí tí mo bá di irin mú. Iṣẹ́ àtúnṣe alùpùpù ni mo ṣì ń ṣe níbí. Ẹ̀yin olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìntì máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ọmọ tẹ́ ẹ rán lọ kàwé ti di mẹkáníìkì. Mo gbà, èmi náà ni.

Màmá ló tú àṣírí yín. Wọ́n ní ẹ jẹ́ kí wẹ́dà kan ní Ìkẹ́rẹ́ jó páìpù omi mọ́ hándù kó lè ga sí i. Wọ́n ní ẹ so iṣu ìkórè rọ̀ sí i lọ́tùn-ún lósì, ni ojú ibi tí wọ́n jó bá là ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Èmùré, tí hándù sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́wọ́ yín. Nígbà tí mo pè yín, ẹ fi èdè ilé wa dáhùn pé ṣebí uṣu dé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ pa fóònù, mo sunkún.

Mo bi Màmá ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ kó ga, wọ́n ní èjìká ò jẹ́ kẹ́ ẹ lè tẹ̀ síwájú mọ́. Láti ìgbà wo, Bàbá? Gbogbo ìgbà tí mo bá béèrè àlàáfíà yín, ẹ ó ní a dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ hándù ni mo fi wá mọ̀ pé ara ń ro yín. Ó dùn mí gan-an ni.

Kó ga kọ́ ló burú. Àmọ́ ibi tí wọ́n bá ti jó hándù ló ti máa ń kán, kì í sì í kìlọ̀. Kí mẹkáníìkì bọ́ páìpù yẹn dànù, kó fi odidi hándù gíga tó bá irú alùpùpù yín mu sí i, kó sì fi wáyà tó gùn tó sí gbogbo rẹ̀, ti búréèkì pàápàá. Kó gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, kó yí hándù láti ọ̀tún dé òsì. Tó bá ń há láàárín, àwọn bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ inú ọrùn rẹ̀ ti jẹ nìyẹn. Kó tan ẹ́ńjìnnì láìki jíà, kó tún yí i. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ké sókè fúnra rẹ̀, wáyà ń fà. Iṣu, ẹ dì í sẹ́yìn o jàre. Ọlọ́run kò ní ká so ìkórè mọ́ hándù. Mo kọ èyí ní gbangba torí bàbá ẹlòmíràn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ ta alùpùpù náà. Mo ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tà á. Mo mọ̀ pé láìsí i, ẹ ó kàn máa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa wo títì ni. Ẹ lọ fi èjìká yẹn han dókítà, ẹ dákun.

Olúwa yóò dá yín sí fún wa, ẹsẹ̀ yín kò ní kọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti ará ṣọ́ọ̀ṣì. Tí mo bá ń bọ̀, kí Ẹ̀gbọ́n má gbé mọ́tò wá pàdé mi ní gáréèjì. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá gbé mi, Bàbá. Ẹ̀yìn yín ni mo fẹ́ jókòó sí délé.

Èmi ni ọmọ yín tó ń ṣàárò yín,
Bọ́láńlé