Orúkọ Tí Mo Fi sí Orí Wẹ́bsáìtì Mi

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú àtijọ́. Gbogbo wa wà dáadáa ní Àrẹ̀mọ. Bàbá wà, ẹsẹ̀ nìkan ló ń dùn wọ́n. Àǹtí Sìfáwù, àbúrò wọn, ló wà ní yàrá yín báyìí, wọ́n sì ti kó ìkòkò dí gbogbo ẹnu ọ̀nà. Ohun tó mú mi jókòó kọ̀wé yìí ni pé mo ti ní wẹ́bsáìtì.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bèèrè pé kí ni ìyẹn. Ẹ rántí páálí tí ẹ máa ń gbé síwájú ìsọ̀ yín ní Ọjà'ba, èyí tí ẹ gán bọ́tìnnì mọ́, ẹyọ kan nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan, kí àwọn aránṣọ lè mú èyí tí wọ́n fẹ́ láìjẹ́ pé ẹ tú àpótí. Wẹ́bsáìtì mi ò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi pé orí ayélujára ló wà. Mo kó díẹ̀ nínú àwọn ìtàn tí mo ń kọ síbẹ̀, mo sì kọ nọ́ńbà fóònù mi sísàlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí n kọ nǹkan fún òun á ti rí irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe kó tó pè mí.

Ẹ máa ń ní kí n ka ìtàn mi sí yín létí bí ẹ bá ń to òwú. Ẹ kì í sọ pé ó dára, ẹ kì í sọ pé kò dára. Bí ọwọ́ yín bá ti dúró lórí òwú, mo mọ̀ pé ibẹ̀ dùn.

Wọ́sáàpù ló fa ọ̀rọ̀ wẹ́bsáìtì yìí. Ibẹ̀ ni mo ń fi ìtàn mi sí tẹ́lẹ̀. Àwọn èèyàn á máa fi ránṣẹ́ síra wọn, orúkọ mi á sì já bọ́ lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan mo lọ dirun ní Bẹẹrẹ. Ẹnì kan ti ka ìtàn mi sínú fóònù, onídìrí sì ṣí i sílẹ̀, ó ń gbọ́ ọ bó ṣe ń dirun mi. Mo ní ta ló kọ ọ́. Ó ní, “Màmá kan báyìí ni, ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n ní wọ́n ti kú pàápàá.” Mo ní kó máa dirun mi lọ. Ẹ ṣáà mọ̀ mí.

Káfáyà tí a jọ lọ ilé ìwé girama, tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà báyìí ní ìsàlẹ̀ Mápó, ló bá mi ṣe é. Ibi orúkọ la ti há. Orúkọ mi tó wà nínú ìwé ẹ̀rí, ẹnì kan tó ń ta ìpara ti fi ṣe àdírẹ́sì ṣáájú mi, ẹni méjì kò sì lè lo ẹyọ kan. Káfáyà ní kí n mú òmíràn wá.

“Ìyá Àgbà,” ni mo sọ.

“Ìyá Àgbà ta ni?”

“Èmi ni. Bẹ́ẹ̀ ni màámi ń pè mí.”

A ò lè fi àmì sí àdírẹ́sì náà, lẹ́tà lásán ni. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, ó bú sẹ́rìn-ín. “Wá wò ó, ìyà àgbà ni mo kà! Ta ló fẹ́ wá síbi ìyà?” Mo ní kó fi Àrẹ̀mọ kún un, kó sì kọ Ìyá Àgbà gàdàgbà sójú ewé pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀.

Bàbá sọ mí lórúkọ ìyá wọn. Ẹ̀yin sì jẹ́ ìyàwó ilé, ẹ ò lè la ẹnu pe orúkọ ìyá ọkọ. Bí mo ṣe di Ìyá Àgbà láti ìkókó nìyẹn. Ẹ ò sì fi ọ̀wọ̀ dù mí rárá: “Ìyá Àgbà, ẹ wá wẹ̀.” “Ìyá Àgbà, ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kan síìpù oníbàárà? Ẹ tẹ́wọ́!” Ẹ ń nà mí, ẹ sì ń sọ “ẹ” sí mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé ìwé, tíṣà pe orúkọ mi nínú rẹ́jísítà títí, mi ò dáhùn, mi ò mọ ẹni tí wọ́n ń pè. Ṣé ẹ pe orúkọ yẹn rí, nígbà tí mi ò sí nítòsí? Ṣé ó tilẹ̀ wù yín láti pè é?

Mi ò fi fọ́tò sí wẹ́bsáìtì náà, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n máa wò mí. Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí mi: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá.” “Màmá, ọwọ́ yín ò ní gbọ̀n.” Obìnrin kan ní kí n fi ẹnu àgbà ṣàdúrà fún ọmọ òun tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Mo ṣe é. Kí ni ǹ bá ṣe?

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá kan pè mí láti ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé ìtàn àwọn ọmọdé. Ó ti ka àwọn ìtàn mi, wọ́n sì fẹ́ kó wọn jọ sínú ìwé. Ìyá mi, ìwé o! Ohun tí mo ń wá láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Àǹtí Sìfáwù ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ọ̀gá náà ní fún mi pé, “Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, ẹ bá wa gbé fóònù fún Màmá.”

“Màmá wo, sà?”

“Ìyá Àgbà. Àwọn tó ni ìtàn.”

Àǹtí Sìfáwù ti nawọ́. “Gbé e wá,” ni wọ́n ń sọ wúyẹ́wúyẹ́, “mo lóhùn arúgbó. Ṣé kí n húkọ́ fún un?”

Mo ní, “Èmi ni Ìyá Àgbà, sà.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, “O ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, àbí?”

Mo gbọ́ ibi tí “ẹ” ti jáde lẹ́nu rẹ̀ tí “o” sì wọlé. Kò sọ “ẹ” sí mi mọ́ títí a fi parí ọ̀rọ̀.

Kò bínú ṣá. Ó ní ìtàn náà dára, orúkọ ni ìṣòro. Bí Ìyá Àgbà bá wà lára ìwé, tí ọ̀dọ́bìnrin wá yọjú, wọ́n á ní ilé iṣẹ́ àwọn ń tan èèyàn jẹ. Kí n lo orúkọ tó wà nínú ìwé ẹ̀rí mi, kí n sì fèsì kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á mú ẹlòmíràn.

Àǹtí Sìfáwù ní kí n má ya òmùgọ̀. “Wọ́n fẹ́ kọ orúkọ ìyá mi sára ìwé, o wá ń yọ ṣùtì! Kí ló ṣe orúkọ ìyá mi?” Kò sóhun tó ṣe é. Ọmọ ni wọ́n jẹ́ fún olórúkọ, wọ́n ń pè é fàlàlà káàkiri àgbàlá. Káfáyà náà ní kí n gbà, pé ìwé ni ìwé ń jẹ́.

Mo kọ́kọ́ tún wẹ́bsáìtì ṣe ná. Káfáyà ya fọ́tò mi níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo fi sí ojú ewé Nípa Mi. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ Àrẹ̀mọ ni mí, pé mi ò tíì darúgbó, àti ìdí tí ìyá mi fi ń pè mí ní Ìyá Àgbà. Obìnrin tó ní kí n ṣàdúrà ti rí i. Ó kọ̀wé pé, “Háà, ìwọ ọmọ yìí! Àdúrà ẹ gbà ṣá, ọmọ mi ti yege.”

Ó wá ku èsì ọ̀gá yẹn. Mo rò ó pé, ká ní ẹ wà láyé, ẹnikẹ́ni tó bá yà lọ́dọ̀ yín lẹ máa fi ìwé náà hàn. Wọ́n á bi yín pé ta ló kọ ọ́. Ẹ máa ní ọmọ mi ni. Wọ́n á ní kí lorúkọ ọmọ yín. Kí lẹ máa wá sọ?

Àárọ̀ yìí ni mo fèsì. Mo ní Ìyá Àgbà ni mo fi ń kọ̀wé, òun náà ni màá lò. Bí wọn ò bá fẹ́ ẹ, kí wọ́n fi ìtàn mi sílẹ̀ fún mi. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó lè tẹ̀ ẹ́ kó lọ. Kò tíì dáhùn. Ó ṣeé ṣe kí ìwé náà má jáde mọ́. Bó bá sì jáde, orúkọ tí ẹ lè pè ló máa wà lára rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà kẹ́ yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ fi “ẹ” tọ́ dàgbà.