Ìrìnàjò Tó Fo Ilé Wa Kọjá

Vaiolo, Savaii
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Keje

Fuatino ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Brisbane níbẹ̀ yẹn? Ṣé Craig ọkọ rẹ ti ń jẹun gidi, àbí ewé ló ṣì ń jẹ bí ewúrẹ́? Losa ńkọ́? Iakopo ńkọ́, ṣé eyín rẹ̀ ti yọ tán? Àwa wà. Ọlọ́run tí à ń pè ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ kò tíì dákẹ́ sí wa. Orúnkún ń dun ìyá rẹ, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, o kúkú mọ̀ ọ́n. Abo ẹlẹ́dẹ̀ dúdú yẹn bí mẹ́sàn-án. Kí Olúwa má jẹ́ ká gbọ́ ohun búburú nípa yín. Àmín. Mo ti kí ọ tán o, ó wá kù kí n bá ọ jà.

Ìwé ètò ìrìnàjò tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ti dé. Tísà ló bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde, ojú ìwé mẹ́rìnlá, aláwọ̀ mèremère bí aṣọ ọmọdé. Oṣù márùn-ún, orílẹ̀-èdè mọ́kànlá, ìwọ àti ọkọ rẹ, ọmọ ọdún mẹ́rin kan àti èyí tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé lójoojúmọ́, ní agogo kan ọ̀sán, Iakopo yóò sùn. Ṣé Iakopo ti rí ìwé náà? Ṣé ó fọwọ́ sí i? Mo tún rí i pé ẹ ti sanwó fún àwọn kan nítorí àìsàn tí kò tíì ṣe yín. Fuatino, ẹni tó bá sanwó ọjà, ọjà náà á dé ilé rẹ̀. Lọ gba owó rẹ kíá.

O ní kí n sọ èrò mi. Èrò ẹnì kan ò tó fún irú ọ̀rọ̀ báyìí, ni mo bá gbé ìwé náà lọ síwájú àwọn olóyè ìlú. Má pariwo. Láti àárọ̀ Ọjọ́ Ajé la ti jókòó, a mu omi gbòǹgbò kává, a ka ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Olóyè Veni tó máa ń gba ẹnu ìlú sọ̀rọ̀ bèèrè pé ta ni agbẹnusọ yín, ta ni yóò dìde kí àwọn onílé nígbà tí ẹ bá wọ ìlú wọn. Mo ní mi ò rí orúkọ agbẹnusọ kankan. Ó ní ẹní mélòó lẹ ń gbé lọ ta wọ́n lọ́rẹ. Mo ní ẹrù kílò mẹ́tàlélógún ni ìwé wí. Ó ní ilé ta lẹ ó sùn. Ojú tì mí, ọmọ mi. Mo ní ẹ ó sanwó kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ sùn. Veni ní irú èèyàn wo ni wọ́n, tí ọlọ́mọ kékeré á dé bá wọn lálejò, tí wọ́n á ní kó sanwó ibùsùn. Wọ́n fẹ́ẹ́ yan èèyàn mẹ́tàdínlógún tí yóò sìn yín lọ. Mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n tó fi í sílẹ̀, àmọ́ wọ́n ní ohun kan wà tí àwọn ò ní fi sílẹ̀: ilé la ti ń gbéra ìrìnàjò. Ẹ ó kọ́kọ́ wá síbí, kí ìlú súre fún yín, kí ẹ tó máa lọ.

Mo mọ ohun tí o máa sọ, torí o ti sọ ọ́ fún ìyá rẹ: pé erékùṣù wa Savaii le fún ọmọ kékeré, pé ẹ̀fọn pọ̀, pé ìta ni balùwẹ̀ wà. Mi ò gbà! Ẹ̀yin méje la tọ́ nínú ẹ̀fọn yẹn. Balùwẹ̀ ìta yẹn lo ti máa ń kọrin tí àdúgbò ò ní lè sinmi. Orílẹ̀-èdè mọ́kànlá ò le fún Iakopo, ilé bàbá ìyá rẹ̀ nìkan ló le? Mo wo àwòrán ayé tó wà lẹ́yìn ìwé náà, mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, orí wa níbí gan-an ni ilà pupa tí bàlúù yín máa tọ̀ gbà kọjá. Bí Losa bá tutọ́ lójú fèrèsé, ara ìyá rẹ ló máa bà lé.

Kí o má sì rò pé ẹnu lásán ni. Mo ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Apia, mo ti gba fọ́ọ̀mù pásípọ́ọ̀tù. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò. Mo ní láti ọjọ́ tí ìwé ọmọ mi ti dé, ta ló rí ẹ̀rín lẹ́nu mi? Fọ́ọ̀mù náà bèèrè ẹni tí wọ́n á pè bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, mo kọ Ọlọ́run. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ ní kí n kọ nọ́ńbà fóònù onítọ̀hún. Mo ní ọdún mọ́kànléláàádọ́rin rèé tí mo ti ń pè é láìsí nọ́ńbà. Ó dá fọ́ọ̀mù padà fún mi, mo gba òmíràn, Ọlọ́run náà ni mo tún kọ. Bí ẹ ò bá wá, èmi ń bọ̀.

Jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ń dùn mí gan-an. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá tí à ń rí ara wa lórí fóònù, Losa bi ọ́ léèrè bóyá bàbá àgbà ní ẹsẹ̀. O rẹ́rìn-ín, Craig náà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́rin, orí mi nìkan ló mọ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀ kí n lè nasẹ̀ sí i, àjà ilé ló rí. Ó dùn mí wọra, Fuatino.

Fi owó ránṣẹ́, ọgọ́ta tala, kí n fi ra àwọ̀n ẹ̀fọn méjì, kí n sì kan ilẹ̀kùn sí balùwẹ̀. Ìyá rẹ ní kí o fi ti òróró orúnkún òun kún un. Ẹní tó ti ń hun láti ìgbà oyún Losa ti parí. Mo ní ká fi ránṣẹ́, ó ní ó tì, àfi kí wọ́n wá jókòó lé e.

Ọlọ́run tó ni òkun tó ni òfuurufú á gbé yín gòkè, á sọ̀ yín kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀nà ò ní pa yín lẹ́kún. Ọmọ tí ò ń gbé kiri ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Sọ fún Losa pé bàbá àgbà ní ẹsẹ̀, méjì ni wọ́n. Ti ọ̀tún ní àpá, àgbọn ló já lù ú. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ojú omi bá gbé e dé èbúté Salelologa, kó má wo òkè. Kó kọ́kọ́ wo ilẹ̀, á rí wọn níbi tí wọ́n dúró sí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Saumani