Bàbá, Mo Ti Gbà Kí Àlejò Gbin Obì

Bàbá mi àtàtà,

Èmi ni mò ń sọ ọ́, ìyàwó mi ló ń kọ ọ́. Ó ní kí n rọra máa sọ̀rọ̀.

Oko yín lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ti ń padà di igbó. Kòkó yín ti gbó, àwọn ọmọ mi kò sì padà wálé. Tékúlá nìkan ló ń dáko níbẹ̀, ará Bẹ́núé tí mo fún láyè láti gbin ẹ̀gẹ́. Lọ́dún yìí ó ní òun fẹ́ gbin obì. Mo kọ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé àlejò kì í gbin igi, nítorí ẹni tó bá gbin igi kò ṣeé lé mọ́.

Bọ́sẹ̀ ọmọ mi, tó ń kàwé ní Pólàǹdì, gbọ́ lórí fóònù, ó bú sẹ́rìn-ín. Ìtàn àwọn Síláàfù, baba ńlá àwọn ará ibẹ̀, ló ń kọ́. Ó ní ìrìn ló sọ wọ́n di ẹ̀yà: wọ́n á kó màlúù àti irúgbìn, wọ́n á dáná sun igbó, bí ilẹ̀ bá ṣá, wọ́n á tún ṣí lọ. Nígbà tó yá, àwọn olóyè wọn fúnra wọn ń pe àlejò láti ilẹ̀ míràn wá ṣán igbó. Àlejò kò ní san ìṣákọ́lẹ̀ títí oko yóò fi gún, ọmọ rẹ̀ yóò sì jogún rẹ̀. Ibi tí ìkookò ń gbé di ìlú ọlọ́jà.

Mo bi í pé àwọn tó kọ́kọ́ nílẹ̀ ńkọ́. Ó ní níbòmíràn, èdè àlejò gbé tiwọn mì.

"Ṣé o wá rí i?"

"Bàbá, ibi tí ẹnikẹ́ni ò wá ńkọ́? Igbó ló gbé e mì."

Mo pa fóònù. Ẹni tó ń gbé inú yìnyín ló fẹ́ kọ́ mi nípa ilẹ̀! Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ayépé lẹ̀yin náà ti wá, àbí? Ta ló gbà yín láyè láti gbin kòkó? Ṣé ẹ̀rù kò bà á? Ẹ kò sọ ọ́ fún mi rí. Mo ṣáà mọ̀ pé ẹ máa ń gbé iṣu tuntun lọ sílé kan lọ́dọọdún, ẹ ó sì ti ṣí fìlà kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Ní Sátidé, mo ní kí Tékúlá gbin obì rẹ̀ sí apá odò, kó jìnnà sí ibojì yín. Ó ti gbìn ín. Èmi kò lè lé e mọ́, àwọn ọmọ mi náà kò lè lé e. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó gbà.

Èmi ni,
ọmọ yín olóríkunkun, tí àárò yín ń sọ.