Egungun Tó Rọ̀ Bíi Rọ́bà

Ìjerò, Ọjọ́bọ̀, oṣù kẹta, 1984

Mo pa ọ̀kan nínú àwọn adìyẹ tó ń tiro lónìí. Egungun itan rẹ̀ tẹ̀ lọ́wọ́ mi bíi rọ́bà.

Dókítà ẹran ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èròjà tó ń mú egungun le, ò tó nínú oúnjẹ wọn, pé inú egungun lílọ̀ ló yẹ kí wọ́n ti máa rí i. Lásísì tó ń po oúnjẹ náà fún wa ni ọkàn mi lọ bá. Mo ká a mọ́ ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, mo bínú gidi.

Ó dọ̀bálẹ̀. "Màmá, Tíṣà fúnra wọn ni wọ́n ní kí n má fi egungun sí i mọ́, kí n máa fi ìkarahun ìgbín rọ́pò rẹ̀, torí pé owó rẹ̀ kéré."

Tíṣà! Ọkọ mi? Mi ò gbà á gbọ́. Ta ni kì í di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn?

Nígbà tí Bàbá Fúnmi ti ilé ìwé dé, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo kàn ní, "Oúnjẹ adìyẹ yìí ò ní egungun nínú."

Kò gbójú sókè nídìí iyán. "Ìyá Fúnmi, má dá Lásísì lóhùn. Òpùrọ́ ni."

Mo bu omi fún un. Mi ò tíì dárúkọ Lásísì fún un rárá.