Ìyá Tó Jókòó Ti Ẹrù Rẹ̀

Àbúrò mi, wọ́dà mi,

Èmi ni mo pa aago fóònù rẹ. Má pariwo. Mo bá ọ níbi tí o ti sùn lé kọ̀ǹpútà, àánú rẹ ṣe mí.

Mo ka iṣẹ́ tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ sí yunifásítì orí íńtánẹ́ẹ̀tì yín kí aago méjì ọ̀sán tó lù. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ àtijọ́ ni mo fi kọ́ ara mi ní ìwé kíkà, ṣùgbọ́n télọ̀ ni mí, mo mọ aṣọ tí wọ́n rán láìwọn ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ béèrè ibi tí ìṣàkóso ẹ̀wọ̀n ti ń kùnà. O fi ọ̀rọ̀ ńláńlá kún ojú ewé mẹ́rìnlá, n kò rí èèyàn kan níbẹ̀.

Ìyá àgbà ọjọ́sí ní ọgbà ẹ̀wọ̀n yín dà? Ẹni tó parí ẹ̀wọ̀n rẹ̀, tó di ẹrù, tó sì jókòó tì í fún ọjọ́ mọ́kànlá torí pé akọ̀wé fi ìwé ìtúsílẹ̀ rẹ̀ sínú fáìlì ẹlòmíràn? Ìwọ lo wá ìwé náà rí. O ń sunkún bí o ṣe ń sọ ọ́ fún mi. Kọ ìyẹn, kí o bo orúkọ rẹ̀.

O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí wọ́n bá tún dá iṣẹ́ mi padà, mo fi dígírì kejì yìí sílẹ̀ nìyẹn." Irọ́ ni, o kò ní fi í sílẹ̀.

Aago orí tábìlì máa dún ní mẹ́wàá. Oúnjẹ wà lórí sítóòfù. Bí o bá ti fi ránṣẹ́, pè mí. Bí n kò bá gbọ́ ohùn rẹ títí aago kan, màá ti ṣọ́ọ̀bù, màá wá jókòó tì ọ́ bí ìyá yẹn ṣe jókòó ti ẹrù rẹ̀.