Sí Làbákẹ́ Tí Ó Ṣì Wà Lórí Ìkúnlẹ̀ Nínú Iyanrìn

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Akínlabí,
                                        Surulere, Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Èrèlé, 2025.

Làbákẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ọmọ Mọ́mì tiwa,

Báwo ni ara? Báwo ni ilé? Ṣé Àǹtí Rosaline tí ẹ jọ ń gbé ń rí oorun sùn, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Ọyẹ́ tó ń fẹ́ yìí ńkọ́, ṣé kò tíì la ètè rẹ? Mo mọ̀ pé o máa ní, "Kò sí nǹkan." Bí o ṣe ń dáhùn gbogbo ènìyàn nìyẹn láti ìgbà tí a ti sin Mọ́mì, ìyá rẹ tó di ìyá tèmi náà. Mo pè ọ́ títí, fóònù ń dún, o ò gbé e. Mo wá sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, o ṣílẹ̀kùn, o ní "Káàbọ̀," o padà lọ jókòó sórí àga tó kọjú sí ògiri. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé, kí n fi rán Àǹtí Rosaline sí ọ. Ìwé kì í ní kí ènìyàn dáhùn lójú ẹsẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, kí inú mi má baà bẹ́. Làbákẹ́, ilé ọkọ dùn! Mo máa ń jí láàárọ̀, màá rí Taoheed lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta, màá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín èmi nìkan. Ó ní òun máa dín ẹyin fún mi, ó jó o, a jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ó dùn! Ìyàwó onílé ń pè mí ní "Ìyàwó wa," mo sì máa ń yíjú wẹ̀yìn bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Tí mo bá ń gbálẹ̀, orin ni. Tí mo bá ń fọ abọ́, orin ni. Taoheed ní kí n jọ̀ọ́ kí n jẹ́ kí òun gbọ́ ìròyìn. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí débi pé ó ń tì mí lójú.

Àmọ́ ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Láàárín gbogbo ayọ̀ yìí, ibì kan nínú mi kú, bí ẹsẹ̀ tí ènìyàn jókòó lé pẹ́. Lọ́jọ́ yìgì wa, mo wo àga tí a fi sílẹ̀ fún Mọ́mì, mo ní kí n sunkún, ẹkún kò wá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là ń fi í rín. Mo rín ẹ̀rín náà, wọ́n yà mí ní fọ́tò, mi ò mọ nǹkan kan lára. Nítorí náà, má rò pé òkèèrè ni mo dúró sí tí mo ti ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ eré aṣálẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ, èyí tí a fi sórí fóònù rẹ ní pálọ̀ wa, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé ìgbéyàwó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo wọ inú rẹ̀. Mi ò ráyè kọ́ ọ ní ohunkóhun lọ́jọ́ náà, nítorí náà gba ẹ̀kọ́ rẹ níbí.

Ìwọ náà mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n Taoheed, Bọ̀dá Muadh, ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná. Inú eré yìí ni àwọn ọmọ ìyá méjèèjì ti ń pàdé lórí ayélujára tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé. Wọn á máa wá omi, wọn á máa sọ̀rọ̀ ilé, wọn á máa bú ara wọn. Nígbà tí mo wọlé, wọ́n ní èmi náà ti di ará ilé, kí n wá. Bákan náà ni gbogbo ènìyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀: oòrùn lókè, iyanrìn nílẹ̀, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀, aṣọ yíya kan, akèrègbè òfìfo kan. Kò sí ọmọ ọlọ́rọ̀ níbẹ̀.

Ohun tí ojú ẹni tuntun máa ń kọ́kọ́ wá ni ọ̀nà tó máa gbà sá kúrò. Má sáré o. Iyanrìn yẹn kò lópin, eré sísá ló sì ń tètè mú omi ara gbẹ. Wá òkúta tó ní òjìji, jókòó sábẹ́ rẹ̀ títí oòrùn á fi rọlẹ̀, kó o tó rìn. Tí o bá rí igi ọrọ́ tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì tutù, gbẹ́ ìdí rẹ̀, omi díẹ̀ máa wà níbẹ̀. Tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, tẹ́ aṣọ yíya yẹn sórí òkúta, ìrì á sẹ̀ sí i. Fún un sínú akèrègbè láàárọ̀. Kò ní pọ̀, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Má sì kó gbogbo ohun tí o bá rí mọ́ra. Mo ti ru egungun ràkúnmí rí, pé ó lè wúlò, ẹsẹ̀ mi ń rì sínú iyanrìn bí ẹni tó wọ ẹrẹ̀. Taoheed ní, "Bàlí, ṣé o fẹ́ fi se ọbẹ̀ ni?" Ó ní kí n jù ú nù, mo jù ú nù, ó sì ń dùn mí.

Òǹgbẹ ni olórí ọ̀tá. Èmi tí mo ti ń gbààwẹ̀ láti kékeré, mo rò pé òǹgbẹ kan ò lè rí mi gbé ṣe. Ẹni tí ò ń darí nínú eré náà máa ń wúkọ́ tí omi bá ti ń tán lára rẹ̀. Tí o ò bá fún un lómi, á bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Tí o ò bá tún fún un, á dákẹ́. Ìgbà tí tèmi dákẹ́, inú mi dùn, mo ní ara rẹ̀ ti yá, mo tọ́jú omi mi pa mọ́, mo ń rìn lọ. Taoheed ló figbe ta. Ó ní, "Fún un lómi kíákíá! Kò mọ̀ mọ́ pé òǹgbẹ ń gbẹ òun ni!" Kí n tó ṣí akèrègbè, ó ti ṣubú, ojú fóònù funfun báláú. Omi kún inú akèrègbè o, Làbákẹ́. Nítorí náà, má dúró de ikọ́. Máa fún un ní díẹ̀díẹ̀ nígbà tí kò tíì béèrè.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀.

Bọ́tìnnì kan wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì, wọ́n ya orúnkún sí i. Tí o bá tẹ̀ ẹ́, ẹni rẹ á kúnlẹ̀. Àwọn tó ṣe eré náà kò ṣe é fún ìkíni. Wọ́n ṣe é kí ènìyàn lè fara pamọ́ sẹ́yìn òkúta, tàbí kí ó fi han ẹni tó bá ká a mọ́ pé òun ti juwọ́ sílẹ̀, kí onítọ̀hún kó ẹrù rẹ̀ lọ, kí ó dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Àmọ́ ta ló sọ ìyẹn fún mi tẹ́lẹ̀? Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, ohùn Bọ̀dá Muadh dún nínú fóònù: "Ìyàwó wa, káàbọ̀ o!" Ṣé èmi ìyàwó tuntun máa wá dúró gbọnrangandan kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni? Mo tẹ orúnkún, mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn gbangba, mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà." Àwọn méjì kan tí a ò mọ̀ rí ń kọjá lórí ràkúnmí. Wọ́n rí ẹni tó kúnlẹ̀, wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé ẹbí ni wọ́n, mo kí àwọn náà! Ọ̀kan dá mi lóhùn, ohùn ọmọ Mushin gidi: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sún akèrègbè yẹn síbí." Mo sún un!

Bọ̀dá Muadh ń pariwo láti Kàdúná, "Ìyàwó, dìde! Olè nìyẹn!"

Mo ní, "Sà, ẹ ò tíì dá mi lóhùn ìkíni."

Taoheed ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń yí gbirigbiri, kò lè sọ̀rọ̀. Títí dòní, tó bá fẹ́ bú mi, "Akúnlẹ̀-kí-olè" ló ń pè mí. Torí náà, nílé, kúnlẹ̀. Nínú aṣálẹ̀, fi ẹnu kí wọn.

Làbákẹ́, ìwọ náà kúnlẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá o rántí. O jókòó sórí tìmùtìmù wa, o di fóònù mú bí ẹni tí wọ́n ní kó bá àwọn dì í mú. Bọ̀dá Muadh gbọ́ pé ìwọ lo wọlé, wọ́n ní, "Làbákẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú àṣẹ̀yìndè Mọ́mì." O ò wòkè. Mo rí àtàǹpàkò rẹ tó ń wá nǹkan kiri lójú fóònù. Ó rí orúnkún yẹn, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. O ní, "Ẹ ṣé, sà." Mọ́mì ló wà nídìí ìyẹn, Mọ́mì tí kì í jẹ́ kí àwa méjèèjì dúró kí àgbà, kódà bó jẹ́ bàbá tó ń lẹ táyà ní ìkángun àdúgbò. Lẹ́yìn náà lo da ojú fóònù délẹ̀, o ní ò ń lọ sílé.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé ẹni tó bá jáde nínú eré náà lórí ìkúnlẹ̀, ara rẹ̀ kì í jáde. Ibẹ̀ ló máa ń wà. Ìwọ ṣì wà níbẹ̀. Mo fà ọ́, o ò mira. Bọ̀dá Muadh mú ràkúnmí wá, wọ́n so okùn mọ́ ọ, okùn já. Kò sí ẹni tó lè gbé ọ dìde, àfi ìka ọwọ́ tìrẹ. Nítorí pé olè á máa wò ọ́ bí ẹni tó ti juwọ́ sílẹ̀, a pa àgọ́ awọ lé ọ lórí, a yí i ká pẹ̀lú òkúta. Láràárọ̀, kí n tó pọn omi ilé, mo máa ń wọlé lọ bu omi sí ọ lẹ́nu. Tí mi ò bá ráyè, Taoheed á ṣe é. O máa ń gbé e mì. O ò wúkọ́ rí. Mi ò mọ̀ bóyá o yó ni, àbí o ti dákẹ́.

Ní báyìí, àwọn tó ni eré náà ti kéde pé ìjì iyanrìn ńlá ń bọ̀ kí oṣù yìí tó tán. Ẹni tí kò bá dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ìjì á bò ó, tòun tàgọ́. Taoheed rọra sọ ọ́ fún mi. Ó ní, "Bàlí, eré ni. Tó bá fẹ́, ó lè tún bẹ̀rẹ̀ ní tuntun." Mo ní mo mọ̀. Mo wọ ilé ìdáná, mo dúró ti síńkì títí omi fi kún abọ́ tó ń ṣàn dà nù. Mo rò pé ẹkún máa wá. Kò wá.

Mi ò ní kí o wá máa ṣeré. Mi ò ní kí inú rẹ dùn, mi ò sì ní kí o wá bá mi yọ̀. Ayọ̀ tèmi kò ní bàjẹ́, ó lè dúró dè ọ́. Ohun tí mò ń bẹ̀ kò ju pé kí o ṣí fóònù, kí o tẹ orúnkún yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó máa ń dìde. Kò pọn dandan kí o rìn. Kò pọn dandan kí o sọ̀rọ̀. Mo ti gbé ẹni tèmi wá sínú àgọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ rẹ ló wà. Tí o bá dìde, màá rí i, mi ò sì ní pariwo. Bọ̀dá Muadh ti ṣèlérí pé àwọn ò ní kí ọ rárá, kí o má baà tún kúnlẹ̀.

Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí Rosaline tí wọ́n bá mi mú ìwé yìí wá, òróró ìpara tí wọ́n ní kí n wá ti wà nínú àpò wọn. Taoheed kí ọ. Ìyàwó onílé ń béèrè ọ̀rẹ́ mi tó tinrín, mo ní ò ń bọ̀.

Fúláàsì tí Àǹtí gbé dání, ògì ló wà nínú rẹ̀. Ó ṣì gbóná. Mi ò fi ṣúgà púpọ̀ sí i, bí Mọ́mì ṣe máa ń pò ó fún wa tí a bá ti iléèwé dé. Má bi ara rẹ bóyá ebi ń pa ọ́. Ṣí i, kí o mu díẹ̀.

Èmi tí mo jókòó tì ọ́ nínú àgọ́,
Bàlíkísù.